Ìwé Ẹ̀bẹ̀ Tí Dúnní Fi Òwú Pupa Rán

"Sùtánà rẹ dé ọrùn ẹsẹ̀," ni Dúnní wí láti ẹnu ọ̀nà yàrá. "Báwo wá ni oòrùn ṣe rí itan rẹ?"

Bólúwají ọkọ rẹ̀, tó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ tó ń di báàgì, dáwọ́ dúró. Ṣòkòtò péńpé tó fi sùn ló ṣì wà nídìí rẹ̀, ìmọ́lẹ̀ òwúrọ̀ sì ti gba fèrèsé wọlé, kò sí ohun tó lè fara pa mọ́. Láti orúnkún dé agbedeméjì itan, ara rẹ̀ dúdú bí ìdí ìkòkò. Láti ibẹ̀ lọ sókè, ó pọ́n bó ṣe pọ́n lọ́jọ́ ìgbéyàwó wọn. Ààlà àárín méjèèjì gún régé, àfi bí ẹni pé wọ́n fi rúlà fà á.

"Itan kẹ̀?" ni Bólúwají wí.

"Bí o bá fẹ́, mo lè pè é ní ẹsẹ̀."

Ó ń wo ojú ọkọ rẹ̀ bó ti ń sọ ọ̀rọ̀ náà, bóyá nǹkan kan á yẹ̀ níbẹ̀. Ojú Bólúwají ò yẹ̀.

"Oòrùn orí òkè le, Ìyá Shalom. Tí àdúrà bá gbóná, èèyàn lè ká sùtánà sókè díẹ̀ kí atẹ́gùn fẹ́ sí i."

"Ká a dé itan? Níwájú Alàgbà Matthew?"

"Àkókò ń lọ," ni Bólúwají wí, ó sì fa síìpù báàgì pa. "Ọkọ̀ ojú irin ò ní dúró dè mí."

Ọmọ ọwọ́ gan-an ò ní gba irú àlàyé yẹn gbọ́. Dúnní wọ ilé ìdáná lọ, ó gbé omi kaná, ó sì dúró tì í títí ó fi hó.

Ọkùnrin tó ń di báàgì yìí, páálí ló ń tò ní ilé ìkẹ́rùsí kan ní Billbrook ní Hamburg láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́. Gbọ̀ngàn tí ìjọ wọn, ìjọ aláṣọ funfun, háyà kò jìnnà síbẹ̀. Ó ti pẹ́ tí àwọn àgbà ìjọ ti ń ráhùn pé Hamburg yìí tẹ́jú jù, pé kò sí òkè kan tí èèyàn lè gùn lọ gbàdúrà bí ti ilé. Àfi ìgbà tí Bólúwají dìde lóṣù kẹsàn-án ọdún tó kọjá, tó ní àwọn ará Berlin ti rí òkè, pé Alàgbà Matthew ló ń ṣíwájú wọn lọ sí ìhà gúúsù, níbi tí òkè ńláńlá ti yí adágún omi kan ká, àti pé òun máa bá wọn lọ. Inú ìjọ dùn. Bí wọ́n ti ń ṣe é nílé náà ni wọ́n ṣe é: ẹni tí kò lè lọ kọ ẹ̀bẹ̀ rẹ̀ sínú ìwé, ó ká a, ó kọ orúkọ rẹ̀ sẹ́yìn, ó sì fi rán ẹni tó ń lọ. Ẹni tó ń lọ kì í ṣí i. Orúkọ ló máa pè lórí òkè, á gbàdúrà lé e, á sì kó ìwé bọ̀ kí àgbà ìjọ sun ún níwájú pẹpẹ. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń pe Bólúwají ní Bàbá Olókè, ọkùnrin tí kò tíì pé ogójì ọdún.

Dúnní náà ti fi orúkọ yẹn yangàn rí. Lẹ́yìn ìrìn kejì, lásìkò ìsinmi Pẹ́ńtíkọ́sì, ni gbogbo rẹ̀ yí padà. Aṣọ ọkọ rẹ̀ ló ń fọ̀ tó fi rí ṣòkòtò dúdú kan tó fún mọ́ra, tí wọ́n fi tìmùtìmù sí ìdí rẹ̀. Ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó ni Dúnní ti ń ṣiṣẹ́, ojoojúmọ́ ló ń pààrọ̀ irú ṣòkòtò bẹ́ẹ̀ fún àwọn tí kò lè mú ìtọ̀ dúró. Bólúwají, ní ọmọ ọdún méjìdínlógójì! Ọjọ́ méjì ló fi sunkún ní kọ̀rọ̀, tó ń bá Ọlọ́run sọ̀rọ̀ nítorí àpòòtọ̀ ọkọ rẹ̀.

Ní ọjọ́ kẹta, fóònù Bólúwají tàn lórí tábìlì nígbà tó wà nílé ìwẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan yọ lójú rẹ̀ ní èdè Jámánì, ẹni tó ń jẹ́ Lena ló fi ránṣẹ́: *Ẹsẹ̀ rẹ yẹn! Kàyéfì ni. Ó dìgbà mìíràn.*

Ẹkún tán lójú Dúnní. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ.

Kò béèrè. Ìyá rẹ̀ ló kọ́ ọ pé tí o bá bi ọkùnrin léèrè ohun tó fi pamọ́, èsì tó ti sè sílẹ̀ ló máa bù fún ọ. Oṣù méjì ló fi ń ṣọ́ ọ. Ó ń gbọ́ òórùn aṣọ rẹ̀, ó ń ka ìwé ọkọ̀ tó bá bá nínú àpò rẹ̀, ó sì ń wo itan rẹ̀ tó bá ń sùn. Ó ti bá ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan níbi iṣẹ́ sọ̀rọ̀ nípa yàrá kan. Bó bá jẹ́ òótọ́ ni, òun á kó ẹrù òun àti ti Shalom ọmọ wọn, wọn á sì ti kúrò nílé wọn ní Jenfeld kí Bólúwají tó tòkè dé ní ọjọ́ Àìkú.

Nígbà tí Bólúwají wọ bàtà tán, Dúnní jáde láti ilé ìdáná, ó na ìwé tirẹ̀ sí i. Ó ti fi abẹ́rẹ́ àti òwú pupa rán etí ìwé náà yíká. Ojú abẹ́rẹ́ mẹ́tàdínlógún ni, ó kà á.

"Kí ló dé tí o fi rán an?" ni Bólúwají béèrè.

"Kí atẹ́gùn má baà ṣí i."

"Èmi kì í ṣí ìwé ẹnikẹ́ni, Dúnní."

"Mo mọ̀," ni Dúnní wí. Kò mọ nǹkan kan.

Bólúwají fi ìwé náà sínú àpò funfun tí ti àwọn yòókù wà. Shalom, ọmọ ọdún méje, rọ̀ mọ́ ọn lọ́rùn. "Papa, bringst du mir wieder einen Stein mit?" Ó ń béèrè bóyá ó máa tún bá òun mú òkúta bọ̀ bí ti tẹ́lẹ̀. Bólúwají ṣèlérí òkúta, ó gbé báàgì, ó lọ. Dúnní dúró sójú fèrèsé títí bọ́ọ̀sì fi gbé e. Kì í ṣe ẹ̀bẹ̀ ló wà nínú ìwé tó fún un. Ọ̀rọ̀ mẹ́rin péré ló kọ síbẹ̀: *Bólúwají, ta ni Lena?* Bó bá jí ìwé náà ṣí, á bá ìbéèrè níbẹ̀. Bí kò bá ṣí i, òwú á sọ.

Ṣùgbọ́n ara rẹ̀ ò gbà á kó dúró de òwú. Ní àárọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta, ó mú Shalom dání, wọ́n wọ Regio, ọkọ̀ ojú irin tó ń dúró níbi gbogbo, wọ́n pààrọ̀ ọkọ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ọ̀sán sì ti pọ́n kí wọ́n tó dé Schöneberg ní Berlin. Aránṣọ ni Alàgbà Matthew. Òun ló ń rán sùtánà fún ìjọ wọn, Dúnní sì ti bá ọkọ rẹ̀ wá sí ṣọ́ọ̀bù náà rí. Èrò rẹ̀ ni pé òun á bá ìyàwó alàgbà níbẹ̀, òun á fi ọgbọ́n béèrè àwọn tó lọ sórí òkè àti obìnrin tó bá wọn lọ.

Alàgbà fúnra rẹ̀ ló bá lórí ẹ̀rọ ìránṣọ, pẹ̀lú gíláàsì lórí imú, tó ń tú apá jákẹ́ẹ̀tì aláwọ̀ ewé kan.

Dúnní kúnlẹ̀. "Ẹ káàsán, sà."

"Ha! Ìyá Shalom! Ẹ káàbọ̀ o. Shalom, o ti dàgbà! Báwo ni Hamburg? Ọkọ rẹ ńkọ́?"

"Ẹ̀yin gan-an ni mo wá bi, sà. Ó ní ẹ̀yin lẹ ṣíwájú àwọn lọ sórí òkè láti ọjọ́bọ̀."

"Òkè wo?" Alàgbà rẹ́rìn-ín. "Pẹ̀lú orúnkún tèmi yìí? Àtẹ̀gùn ilé mi, ẹ̀ẹ̀mejì ni mò ń sinmi kí n tó gùn ún tán." Ó wá rí ojú Dúnní, ẹ̀rín náà kú lẹ́nu rẹ̀. Ó bọ́ gíláàsì. "Jókòó, ọmọ mi."

Dúnní jókòó. Shalom ti wà nílẹ̀, ó ń to ìdì òwú.

"Ọdún kan ó lé díẹ̀ nìyí tí kẹ̀kẹ́ ọkọ rẹ ti wà ní Keller mi nísàlẹ̀ ilé," ni Alàgbà wí. "Ó ní eré ìdárayá ni, mo ní ó dára. Mi ò mọ̀ pé ó ti fi mí jẹ olórí òkè."

"Kẹ̀kẹ́? Kẹ̀kẹ́ ológeere?"

"Òun ni. Àwọn kan wà tí wọ́n jọ ń gùn ún lọ sí ọ̀nà jíjìn. Wọ́n á wá fi ọkọ̀ gbé e, wọ́n á sì dá a padà."

"Ta ló ń wá gbé e, sà?"

Alàgbà tẹjú mọ́ abẹ́rẹ́ ọwọ́ rẹ̀ bí ẹni tó ń wá ojú rẹ̀. "Òyìnbó obìnrin kan ni."

"Lena."

"O mọ̀ ọ́n?"

"Orúkọ rẹ̀ ni mo mọ̀." Ohùn Dúnní tutù, ẹ̀rù ohùn náà sì ba òun gan-an. "Ṣé wọ́n jọ wà lórí òkè báyìí?"

"Rárá o. Jákẹ́ẹ̀tì rẹ̀ nìyí lọ́wọ́ mi. Àdúgbò yìí ló ń gbé, ó ní òun máa wá gbà á ní aago méjì." Alàgbà wo aago ara ògiri, aago méjì ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá. "Ìyá Shalom, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ ọ́. Ṣọ́ọ̀bù lèyí. Má bá mi jà níbí."

"Mi ò ní jà, sà."

Ó gbé báàgì rẹ̀ lé itan, ó fi ọwọ́ méjèèjì dì í mú. Oṣù méjì ló fi ń rí Lena yìí lójú inú: ọmọge ni, irun rẹ̀ gùn dé ìdí, ẹ̀rín rẹ̀ sì pọ̀. Ó ti to ọ̀rọ̀ tó máa sọ fún un ní èdè Jámánì, ó sì ti yọ èyí tí kò yẹ kí Shalom gbọ́ kúrò.

Agogo ẹnu ọ̀nà dún. Ìyá àgbà kan wọlé. Irun orí rẹ̀ funfun, ó gbẹ bí ìgbálẹ̀, apá rẹ̀ ọ̀tún sì wà nínú sìmẹ́ǹtì tí wọ́n fi ń di egungun tó ṣẹ́. Bí kò bá pé àádọ́rin ọdún, yóò ku díẹ̀.

Dúnní wo ẹ̀yìn rẹ̀ bóyá ọmọge ń bọ̀. Kò sẹ́ni tó ń bọ̀.

"Frau Lena," ni Alàgbà wí ní èdè Jámánì, "ìyàwó Bólúwají nìyí. Dúnní."

Ojú ìyá àgbà náà là. "Dúnní!" Ó gé orúkọ náà wẹ́lẹwẹ̀lẹ lẹ́nu, ṣùgbọ́n ó pè é pẹ̀lú ìfẹ́. "Ìwọ ni! Orúkọ tó máa ń gbẹ̀yìn!"

"Ó máa ń gbẹ̀yìn níbo, ìyá?" ni Dúnní béèrè.

Lena jókòó sórí àpótí, ó gbé apá rẹ̀ lé orúnkún. Mẹ́jọ ni àwọn, ó ní, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́. Wọ́n á wọ ṣòkòtò kẹ̀kẹ́ tó fún mọ́ra, tí tìmùtìmù wà nídìí rẹ̀, wọ́n á gun kẹ̀kẹ́ yí adágún omi náà ká, wọ́n á gùn ún dé Pass, ibi tí ọ̀nà ti gba àárín òkè méjì kọjá. Níbi tí ọ̀nà bá ti parí, wọ́n á fi kẹ̀kẹ́ sílẹ̀, wọ́n á fi ẹsẹ̀ gun ṣóńṣó òkè. Bólúwají ló kéré jù lọ́jọ́ orí, kò sì sẹ́ni tó lè lé e bá. "Ẹsẹ̀ rẹ̀ yẹn! Mo máa ń sọ fún un."

Dúnní wo ilẹ̀.

"Lọ́dún tó kọjá, lọ́jọ́ kan tá a dé orí òkè, gbogbo wa ń jẹ búrẹ́dì," ni Lena wí. "Òun lọ dá dúró lọ́tọ̀. Ó yọ àpò funfun kan, ó ń mú ìwé jáde níkọ̀ọ̀kan, ó sì ń pe orúkọ. Ó ń pè é sókè, ó ń dijú. A rò pé àwọn òkú rẹ̀ ni. Mo ṣí akoto orí mi, gbogbo wa ṣí i. Ìgbà tó parí la bi í. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní kì í ṣe òkú, pé wọ́n wà láàyè, pé wọ́n ń dúró de òun nílé. Láti ìgbà náà, kò sẹ́ni tó ń fẹnu kan búrẹ́dì kó tó pe orúkọ tó kẹ́yìn. Ọ̀kan wà nínú wa tí kò gba Ọlọ́run gbọ́ rárá, òun náà máa ń ṣí akoto."

"Ṣé ó máa ń ṣí ìwé náà?"

"Rárá. Mo bi í ohun tó wà nínú wọn, ó ní òun ò mọ̀, kì í ṣe ti òun. Ní ìsinmi Pẹ́ńtíkọ́sì, atẹ́gùn já ọ̀kan gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Ọ̀gbun wà lápá ibẹ̀, ṣùgbọ́n ó sáré tẹ̀ lé e. Mo pariwo pé ìwé lásán ni. Ó ṣubú, orúnkún rẹ̀ bó, ó sì mú ìwé náà bọ̀."

Dúnní rántí orúnkún tó bó. Bólúwají sọ fún un nígbà náà pé ìkúnlẹ̀ àdúrà ni.

"Apá yín ńkọ́, ìyá? Ṣé òkè ló ṣe é?"

"Òkè kẹ̀! Yúgọ́ọ̀tì ni mo lọ rà, mo yọ̀ ṣubú níwájú ilé ìtajà." Lena rẹ́rìn-ín, ó sì tẹjú mọ́ ọn. "Ṣé kò sí? Ṣé nǹkan ṣe Bólúwají ni?"

Alàgbà Matthew gbójú sókè. Dúnní mọ̀ pé ìyá yìí ò mọ̀ pé irọ́ kan wà ní Hamburg. Inú ń bí i sí ọkọ rẹ̀ débi pé etí rẹ̀ gbóná, ṣùgbọ́n kò ní tú u fó lójú àlejò. "Kò sí nǹkan kan, ìyá," ló wí. "Mo kàn fẹ́ mọ̀ yín ni. Ẹ ṣeun." Lẹ́yìn náà ló tó rí i pé omi ti ń bọ́ lójú òun.

Nínú ọkọ̀ padà sí Hamburg, Shalom sùn lé e lẹ́sẹ̀. Dúnní ń ro ìwé tó wà nínú àpò funfun. Ní àkókò yìí ọkọ rẹ̀ lè ti dúró sórí ṣóńṣó, tí àwọn òyìnbó ṣí akoto yí i ká, tó sì di ìbéèrè onílara mú lọ́wọ́, tó ń gbàdúrà lé e. Ojú tì í. Lẹ́yìn náà ló rántí gbogbo ìjọ, Bàbá Olókè, àpòòtọ̀ tó fi ọjọ́ méjì sunkún lé lórí, inú sì tún bí i. Bó ṣe wà láàárín méjèèjì nìyẹn títí wọ́n fi dé Hauptbahnhof, ibùdókọ̀ ojú irin ńlá ìlú náà.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú, Bólúwají wọlé, ó ń tiro. Ó yọ òkúta pẹlẹbẹ kan fún Shalom, ọmọ náà gbé e sá wọ yàrá. Ọbẹ̀ wà lórí iná. Ẹrù kankan ò kúrò nílé.

"Ẹ kú ìrìn," ni Dúnní wí. "Ìwé mi dà?"

"Àgbà ìjọ ló yẹ kó sun ún."

"Fún mi."

Bólúwají wá a jáde. Dúnní gbé e súnmọ́ iná, ó fi ìka tọ òwú pupa náà yíká. Mẹ́tàdínlógún. Kò sí èyí tó já.

"Kí lo sọ lórí rẹ̀?"

"Mo ní, Olúwa, mi ò mọ ohun tí Dúnní ń béèrè. Ṣùgbọ́n jọ̀wọ́, kí ìdáhùn ti dé ọwọ́ rẹ̀ kí n tó délé."

Dúnní ṣí dúrọ́ọ̀, ó mú sáàsì, ó nà án sí i. "Tú u."

"Mo ti sọ fún ọ, èmi kì í..."

"Tèmi ni. Èmi ni mo ní kí o tú u."

Bólúwají gé òwú náà díẹ̀díẹ̀. Ó ka ọ̀rọ̀ mẹ́rin náà, ó tún un kà, ó sì jókòó sórí báàgì tó gbé dé.

"Dúnní, òkè lásán ni mò ń gùn," ló wí. "Kò sí nǹkan mìíràn. Ẹnì kan níbi iṣẹ́ ló kọ́kọ́ mú mi lọ. Odindi ọdún ni mo fi ń wo páálí. Ìgbà tí mo dé òkè yẹn, tí mo rí omi nísàlẹ̀, àyà mi là. Mo fẹ́ sọ fún ọ. Ṣùgbọ́n báwo ni màá ṣe sọ ọ́? Bàbá mi gun ọ̀pẹ títí ó fi já bọ́, oúnjẹ wa ló ń wá lórí rẹ̀. Èmi ọmọ rẹ̀ wá gba ìsinmi, mò ń gun ibi tí kò sí nǹkan kan tí màá ká. Ojú tì mí. Ni mo bá ní àdúrà ni. Ká tó wí ká tó fọ̀, wọ́n ti kó ìwé fún mi. Mi ò lè dà á nù. Mo ní kí n ṣáà pe orúkọ wọn."

"O purọ́ fún mi."

"Mo purọ́."

"Mo sunkún nítorí àpòòtọ̀ rẹ."

"Nítorí kí ni?"

"Lena ní kí n kí ọ," ni Dúnní wí. "Apá rẹ̀ ti ń san."

Dúnní lọ rẹ iná ọbẹ̀ sílẹ̀, ó padà wá.

"Ní Sọ́ńdè tó ń bọ̀, ìwọ fúnra rẹ lo máa dìde níwájú ìjọ. Wàá sọ fún wọn pé kẹ̀kẹ́ lo ń gùn. Wọ́n á fi ọ́ rẹ́rìn-ín, jẹ́ kí wọ́n rín in. Lẹ́yìn ìyẹn, lọ gbé kẹ̀kẹ́ rẹ kúrò ní Keller alàgbà tó o parọ́ mọ́. Àyè wà fún un ní ọ̀dẹ̀dẹ̀."

"Wọn ò ní fún mi níwèé mọ́," ni Bólúwají wí, ohùn rẹ̀ sì lọ sílẹ̀. Ó jọ pé èyí ló dùn ún jù.

Dúnní ya ojú ewé kan nínú ìwé Shalom tó wà lórí tábìlì, ó yí ẹ̀yìn sí ọkọ rẹ̀, ó sì kọ ẹ̀bẹ̀ kan síbẹ̀. Ó ká a, ó kọ orúkọ ara rẹ̀ sẹ́yìn. Abẹ́rẹ́ àti òwú wà nínú dúrọ́ọ̀ tó ṣí sílẹ̀ níwájú rẹ̀, kò mú un. Ó fi ìwé náà sínú àpò funfun bẹ́ẹ̀, ó sì lọ bu oúnjẹ.